Ìdàgbà Ni Tàbí Ìdánrawò? Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Ó Ń Mú Kí Èrò Ọmọdé Yára Sí I

Bí a bá gbé iná kékeré kan ka iwájú ọmọ ọdún 8, tí a ní kí ó tẹ bọ́tìnì ní kété tí iná bá ti tàn, tí a sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 20 ṣe bákan náà, ẹ̀gbọ́n ni yóò máa tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá sì sọ iṣẹ́ náà di èyí tí ó gba ìrònú, bíi kí wọ́n wo lẹ́tà kan tí a dorí rẹ̀ kodò kí wọ́n sì sọ bóyá ojúlówó rẹ̀ ni tàbí bí ó ti máa ń rí nínú dígí, àkókò tí ọmọdé fi ń rẹ̀yìn yóò tún gùn sí i. Lórí èyí, àwọn onímọ̀ kò bá ara wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn ni ìdí rẹ̀: ṣé ọpọlọ ọmọ ni kò tíì gbó, tí yóò sì yára fúnra rẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó, tàbí ọmọ ni kò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó iye ìgbà tí àgbà ti ṣe é?

Wíwọn ìyára èrò kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1850 ni Hermann Helmholtz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wọn bí ìròyìn ti ń yára gba inú iṣan àkèré kọjá, tí ó sì rí i pé kò ju nǹkan bíi mítà 25 sí 38 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà ti gbà pé kò sí ẹni tí ó lè wọ̀n ọ́n láéláé. Ní 1868, F. C. Donders ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì fi ọgbọ́n kan kún un: ó mú iye àkókò tí ènìyàn fi ń fèsì sí ohun kan ṣoṣo kúrò nínú iye tí ó fi ń yan ọ̀kan nínú ohun púpọ̀, ó sì pe èyí tí ó ṣẹ́kù ní àkókò tí ìrònú gbà. Nígbà tí yóò fi di 1894, J. Allen Gilbert ti gbé irú ìwọ̀n báyìí lọ bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú New Haven ní Amẹ́ríkà, láti orí ọmọ ọdún 6 títí dé orí ọmọ ọdún 17, ó sì rí i pé bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni àkókò ìfèsì ń dín kù.

Ìṣòro tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò fara sin. Ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ kì í ṣe okùnfà ohunkóhun. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni okùnfà, ohun méjì ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọmọ tí ó dàgbà láìṣe nǹkan kan, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọdún mẹ́wàá dánra wò kí ó má fi ọdún mẹ́wàá dàgbà. Nítorí náà, gbogbo ìsọ̀rí onímọ̀ tí a óò kà yìí ni ó ń wá ọgbọ́n tí yóò fi ya ohun méjì tí Ẹlẹ́dàá so pọ̀, ibi tí ọgbọ́n oníkálukú sì pin sí ni àléébù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ó ní ara ni yóò gbó

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tí ó fara mọ́ ìdàgbà ni Arnold Gesell, oníṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Yale, ẹni tí òun àti Helen Thompson gbé ìròyìn àyẹ̀wò kan jáde ní 1929 lórí ẹ̀jìrẹ́ méjì tí wọ́n jọra bí ìmumu ṣùgbọ́n tí a kò kọ́ lọ́gbọọgba. Ọ̀kan, tí wọ́n pè ní T, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní gígun àtẹ̀gùn nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ 46, wọ́n sì ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Èkejì, tí wọ́n pè ní C, ni wọ́n fi sílẹ̀ láìkọ́. Nígbà tí T pé ọ̀sẹ̀ 52, ìṣẹ́jú àáyá 26 ni ó fi ń gun àtẹ̀gùn náà. C gun ún ní ìṣẹ́jú àáyá 45 nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ 53, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ rí. Wọ́n wá fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 2 péré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ún ní 10. Ohun tí Gesell rí fà yọ nínú èyí ni pé ọwọ́ ọmọdé tí kò tó pẹpẹ, kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè mú un tó o ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì pé, ẹ̀kọ́ díẹ̀ ti tó.

Gígun àtẹ̀gùn kì í ṣe ríronú, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé Gesell rí ohun tí wọn yóò fi ti èrò rẹ̀ lẹ́yìn nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Okùn iṣan tí ń gbé ìròyìn ní èèpo ọ̀rá kan tí a ń pè ní myelin, èyí tí Paul Flechsig ti Leipzig ti fi hàn, kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, pé kì í bo gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà: apá tí ó kan ìríran àti ìgbọ́ràn ni ó kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́, apá tí ó kan àròjinlẹ̀ ni ó ń gbẹ̀yìn. Okùn tí kò ní èèpo yìí kì í sábà gbé ìròyìn ju mítà kan tàbí méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó nípọn tí èèpo sì wé dáadáa lè gbé e ju mítà 100 lọ. Yakovlev àti Lecours sì kọ ọ́ ní 1967 pé ní àwọn apá kan, wíwé náà ń bá a lọ títí ènìyàn fi lé ní ogún ọdún. Ẹni tí ó bá fi èyí wé bí ìyára èrò ti ń gòkè láti ìgbà èwe dé ìgbà ọ̀dọ́ yóò rí i pé ọjọ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.

Agbára èrò yìí ni pé ó fi ọwọ́ kan ohun tí ó ṣeé rí, tí ó sì ṣeé wọ̀n. Àléébù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń yára tó ti àgbà kí ọmọ tó kúrò ní nǹkan bí ọdún 5, síbẹ̀ ọmọ ọdún 5 náà ṣì jìnnà sí àgbà nínú ìyára ìrònú, nítorí náà kì í ṣe gbogbo èèpo ni a lè di ẹrù náà lé lórí. Ohun méjì tí ó sì jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan kò fi dandan jẹ́ pé ọ̀kan ni ó ń fa èkejì. Ní ti ẹ̀jìrẹ́ Gesell, C tí a ní a kò kọ́ kò jókòó sójú kan. Ó ń rápálá, ó ń di àga mú, ó ń fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, èwo nínú wọn ni kì í ṣe ìdánrawò? Ní 1976, Charles Super gbé ìròyìn àwọn Kipsigis ti abúlé Kokwet ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà jáde, ó sì fi hàn pé àwọn ìkókó ibẹ̀ ń tètè jókòó, wọ́n sì ń tètè rìn ju ti Amẹ́ríkà lọ nítorí pé àwọn ìyá wọn a máa kọ́ wọn ní ìjókòó àti ìrìn, ṣùgbọ́n nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn, bíi rírákòrò, wọn kò yá ju ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ya àwọn ìyá wa lẹ́nu.

Àwọn tí ó ní ìyára kan ni ó kárí gbogbo iṣẹ́

Ìsọ̀rí yìí jẹ́ ọmọ bíbí inú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣan. Inú ìṣirò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Robert Kail ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e ró, láti 1986 wá, ọ̀nà tí ó sì gbà ro ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ, bí kò tilẹ̀ rọrùn láti bì ṣubú. Bí ó bá jẹ́ pé ìdánrawò ni ó ń mú ọmọ yára, ni ó wí, kò yẹ kí gbogbo iṣẹ́ yára lọ́gbọọgba, nítorí ọmọ kì í ṣe gbogbo wọn lọ́gbọọgba: a máa ka orúkọ nǹkan lójoojúmọ́, a máa ṣe ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ń rán an láti yí àwòrán padà lọ́kàn ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ó wà nísàlẹ̀ tí ó ń fà á sẹ́yìn, iye ìlọ́po tí ọmọdé fi lọ́ra ju àgbà yóò máa jọra ní iṣẹ́ gbogbo.

Ní 1991, Kail kó ìwádìí tí ó ju 70 lọ jọ, ó sì fi àkókò tí ọmọdé gbà wé èyí tí àgbà gbà nínú iṣẹ́ kan náà. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ sórí ìlà tí ó gún: àkókò ọmọdé jẹ́ àkókò àgbà tí a sọ di ìlọ́po iye kan, iye náà sì ń dín kù bí ọmọ ti ń dàgbà, ó ń já wálẹ̀ ní kíákíá nígbà èwe, ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ nígbà ọ̀dọ́. Ní ọdún kan ṣáájú èyí, Sandra Hale ti wọn àwọn ọmọ ọdún 10, 12, 15 àti 19 lórí iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì rí i pé ọmọ ọdún 10 ń gba ìlọ́po 1.8 àkókò àgbà tàbí kí ó lé díẹ̀, pé ti ọmọ ọdún 12 kéré sí ìyẹn, pé ọmọ ọdún 15 sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àgbà dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú iṣẹ́. Ohun tí àgbà fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ṣe, ọmọ ọdún 10 yóò fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 10 ṣe é. Ohun tí ó gba àgbà ní ìṣẹ́jú àáyá 2 yóò gba ọmọ ní 3.6, bẹ́ẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ orúkọ àwòrán ni wọ́n ń pè tàbí lẹ́tà ni wọ́n ń wá. Ìwọ̀n kan náà ni ó ń tẹ̀ lé wọn láti iṣẹ́ dé iṣẹ́.

Nínú gbogbo èrò tí ó wà lórí pẹpẹ yìí, èmi kò rí èyí tí ó fẹsẹ̀ gbòòrò tó báyìí. Síbẹ̀, gígún tí ìlà gún kò tó ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ rò pé ó jẹ́. Iṣẹ́ tí ó le máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ àgbà; bí a bá to àkókò méjèèjì sójú kan, kò sí bí wọn kò ṣe ní í bára wọn lọ, kódà bí ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá wà nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn, bíi Ridderinkhof àti van der Molen ní 1997, tọ́ka sí i pé agbára láti pa ọkàn mọ́ kúrò lọ́dọ̀ ohun tí kò kan ni, ohun tí ó máa ń dá ọmọdé lọ́wọ́ kọ́ jù, ń dàgbà ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àléébù tí ó wá tóbi jù ni pé Kail sọ iye ìlọ́po náà fún wa, kò sọ ohun tí ó jẹ́.

Àwọn tí ó ní ìdánrawò ni

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Èyí ni ìgbàgbọ́ ìsọ̀rí kẹta, ẹ̀rí wọn sì wá láti ibi tí kò sí ọmọdé rárá. Ní 1959, E. R. F. W. Crossman tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi ẹ̀rọ wé sìgá ní ilé iṣẹ́: lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún sìgá, ọwọ́ wọn ṣì ń yára sí i. Ní 1981, Newell àti Rosenbloom fi hàn pé bákan náà ni ó ń rí nínú iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ orí: èrè ìdánrawò pọ̀ jọjọ níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń kéré sí i bí a ti ń bá a lọ. Òǹkàwé tí ó bá fara balẹ̀ yóò ti rí i pé irú ìsọ̀kalẹ̀ yìí gan-an ni Kail rí nínú ọjọ́ orí. Àwọn onímọ̀ ìṣirò gbìyànjú láti fi bí ìlà ti tẹ̀ ya àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n nígbà tí Heathcote àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wò ní 2000, tí wọ́n sì ya ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ dípò àròpọ̀ gbogbo ènìyàn, ìlà ìdánrawò wá jọ ti ọjọ́ orí ju bí a ti rò tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrísí ìlà kò lè ṣe adájọ́ ẹjọ́ yìí.

Ẹ̀rí tí ó kan ọmọdé gangan, tí a sì máa ń pè jù, ni ti Michelene Chi ní 1978. Ó kó àwọn ọmọdé tí wọ́n jẹ́ ọ̀ta nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì jọ, ọmọ bí ọdún 10, ó sì kó àwọn àgbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀pẹ̀ nínú rẹ̀ jọ pẹ̀lú. Nígbà tí ó fi ojú pátákó hàn wọ́n fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì ní kí wọ́n tún un tò láti orí, àwọn ọmọdé ṣe é ju àwọn àgbà lọ. Nígbà tí ó ka nọ́ńbà lásán fún wọn, àwọn àgbà gba ipò wọn padà. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní àkísà, lórí pátákó yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n ìrántí ni Chi wọ̀n, kì í ṣe ìyára, àwọn tí wọ́n fi àyẹ̀wò rẹ̀ pa Kail lẹ́nu mọ́ sì máa ń gbàgbé èyí.

Ìkọlù tí ó dé ọkàn ọ̀rọ̀ náà ni ti Stigler, Nusbaum àti Chalip ní 1988. Wọn kò sọ pé irọ́ ni pé gbogbo iṣẹ́ ń yára pọ̀. Wọ́n ní ìdánrawò náà lè fa irú èyí, nítorí pé ohun tí ọmọ kọ́ nínú iṣẹ́ kan ń ràn dé òmíràn. Kíkàwé, ìṣirò, eré ìdárayá, gbogbo wọn ni ó ní wíwò, yíyàn àti fífèsì nínú. Ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́wàá ṣe wọ́n yóò ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ohun tí ó wà nínú gbogbo wọn. Kail àti Park fèsì ní 1990. Wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún 11 àti àwọn ọmọ ọdún 20 ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdánwò lórí lẹ́tà tí a yí orí rẹ̀ padà. Tọmọdé tàgbà ni ó yára sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n èrè náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn dé iṣẹ́ tí kò jọ ọ́. Lójú tèmi, èsì yìí dín agbára Stigler kù, kò pa á. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí lẹ́tà kì í ṣe ọdún mẹ́wàá nínú ayé.

Àgbà tí a sọ di ọmọdé

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi àyẹ̀wò kan, nítorí pé ó dá ọ̀nà tí gbogbo àwọn yòókù ń tọ̀ padà sẹ́yìn. Àwọn tí ó ń wá ìdí ìlọ́ra ọmọdé a máa gbìyànjú láti mú ọmọdé yára bí àgbà. Robbie Case, Midian Kurland àti Jill Goldberg mú àgbà lọ́ra bí ọmọdé. Ìròyìn wọn jáde ní 1982. Wọ́n kọ́kọ́ wọn àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6, wọ́n sì rí i pé bí ọmọ bá ti ń yára pe ọ̀rọ̀ tó ni iye ọ̀rọ̀ tí ó lè dì mọ́ra lọ́kàn ń pọ̀ tó. Èrò Case ni pé ààyè inú ọkàn ọmọ kò kéré sí ti àgbà. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń gba ibẹ̀ tán mọ́ ọn lọ́wọ́, bí iṣẹ́ bá sì ti ń yá ni ààyè ń ṣí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn àgbà, wọ́n sì hùmọ̀ orúkọ tuntun fún nọ́ńbà, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, wọ́n ní kí wọ́n máa fi í kà dípò èyí tí wọ́n ti ń fi kà láti kékeré. Ẹni tí ó ti ń ka nǹkan láti bí ogún ọdún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó, ó ń dúró, ó ń wá orúkọ tí ó kàn. Ìyára kíkà àwọn àgbà wọ̀nyí já wálẹ̀ dé ti ọmọ ọdún 6, iye tí wọ́n sì lè dì mọ́ra já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, títí ó fi bá ti ọmọ ọdún 6 dọ́gba. Ọpọlọ wọn kò padà di ti ọmọdé. Orúkọ nọ́ńbà tí ó ti mọ́ wọn lára láti ìgbà pípẹ́ nìkan ni a gbà lọ́wọ́ wọn. Bóyá ó yẹ kí àwọn tí ń dán ọmọ Yorùbá wò pẹ̀lú nọ́ńbà rántí èyí, nítorí ọmọ tí yóò pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ní ìrìn gígùn láti rìn lẹ́nu. Ellis àti Hennelly ti fi hàn ní 1980 pé nọ́ńbà tí ó gùn lẹ́nu ní èdè Welsh a máa dín iye tí ènìyàn lè dì mọ́ra kù, láìjẹ́ pé ẹni náà kò gbọ́n.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú àyẹ̀wò Case kò dí mi lójú sí ibi tí ó kù sí. Ẹni tí a di ẹsẹ̀ rẹ̀ lókùn yóò rìn bí ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn. Èyí kò fi hàn pé okùn ni ó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Case fi hàn pé àìmọ iṣẹ́ dunjú lè sọ àgbà di ọlọ́ra. Kò fi hàn pé òun ni ó ń mú ọmọdé lọ́ra. Òun fúnra rẹ̀ kò sì gbé gbogbo ẹrù náà lé ìdánrawò lórí. Ó fi àyè sílẹ̀ fún gbígbó iṣan.

Àwọn tí ó ní ọ̀nà ni ó kúrú

Ìsọ̀rí yìí ní a ń béèrè ìbéèrè òdì. Ọmọdé kò lọ́ra lórí iṣẹ́ tí àgbà ń ṣe, wọ́n ní; iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe. Ní 1972, Groen àti Parkman wo bí àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń ro nọ́ńbà pọ̀. Bí a bá ní kí ọmọ ro 8 àti 3 pọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí 8, yóò sì gòkè lẹ́ẹ̀mẹta, ìgòkè kọ̀ọ̀kan sì ń ná an ní nǹkan bí ìdá 400 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ti àgbà kò ju nǹkan bí ìdá 20 lọ. Kò sí ahọ́n tí ó lè kà ní irú ìyára bẹ́ẹ̀. Àgbà kò kà mọ́ rárá, ó ti mọ ìdáhùn sórí.

Robert Siegler wá fi kún un ní 1987 pé iye 400 yẹn gan-an ń tan ni jẹ. Ó bi àwọn ọmọ léèrè bí wọ́n ti ṣe é, ó sì rí i pé ọmọ kan náà a máa ka ìka nígbà kan, a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà ńlá nígbà mìíràn, a máa dáhùn láti orí, a sì máa méfò. Nígbà tí a da gbogbo wọn pọ̀ tí a sì wá ìpíndọ́gba wọn, a rí ìyára tí kò sí ọmọ kankan tí ó ní in. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún gbogbo ẹni tí ń wọn àkókò. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ: ẹni tí ó ń tẹ bọ́tìnì nígbà tí iná bá tàn kò ní ọ̀nà méjì tí yóò yàn nínú rẹ̀, síbẹ̀ àgbà ṣì ń ṣáájú ọmọdé níbẹ̀.

Àwọn tí ó ní ìyára kò yí padà rárá

Wọn kò pọ̀. Mike Anderson, nínú ìwé rẹ̀ ti 1992, sọ pé ìyára ìpìlẹ̀ tí a bí mọ́ ènìyàn kò yí padà láti èwe dé àgbà, pé ohun àyíká rẹ̀ ni ó ń dàgbà. Ó gbára lé àyẹ̀wò kan tí a ti ń fi ìlà méjì hàn ènìyàn fún ìgbà kúkúrú kí a tó bò wọ́n, tí a sì ń bi í léèrè èyí tí ó gùn jù, láìkánjú fèsì. Àwọn ọmọdé a máa ṣe dáadáa sí i bí wọ́n ti ń dàgbà lórí èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tún un ṣe rí i pé ìgbìyànjú díẹ̀ sí i a máa mú ìdáhùn wọn sunwọ̀n, èyí sì mú kí ó ṣòro láti mọ ohun tí ó jẹ́ ti ọjọ́ orí nínú rẹ̀. Mo rò pé èrò Anderson ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Ó ṣe ohun kan fún wa ṣáá: ó mú kí a béèrè ohun tí ó wà nínú àkókò ìfèsì kan. Ratcliff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú u palẹ̀ ní 2012, wọ́n sì rí i pé ọmọdé ń lọ́ra ní ọ̀nà mẹ́ta: ìmọ̀ tí ó ń kó jọ lórí ìbéèrè kò tètè pọ̀, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń pẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rí púpọ̀ kí ó tó gbà láti dáhùn. Ìkẹta yìí kì í ṣe ìlọ́ra rárá, ìṣọ́ra ni. Dutilh àti àwọn tirẹ̀ ti rí i ní 2009 pé ìdánrawò àgbà náà ń fọwọ́ kan ju ọ̀kan lọ nínú apá wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyára bí ẹni pé ohun kan ni yóò ní láti dá apá tí ó ń sọ sọ́tọ̀.

Ibi tí ààlà ti parẹ́

Ìsọ̀rí ìkẹyìn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn hú òpó ààlà tí ó wà láàárín oko méjèèjì. Ní 2005, Sara Bengtsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stockholm wo apá funfun inú ọpọlọ àwọn tí ń fi dùùrù ṣiṣẹ́ ṣe, wọ́n sì rí i pé bí ẹnì kan ti fi ara jìn fún ìdánrawò tó nígbà èwe bá bí okùn iṣan ti rí ní àwọn apá kan mu. Ní 2009, Jan Scholz àti àwọn tirẹ̀ ní Oxford kọ́ àwọn àgbà ní fífi bọ́ọ̀lù mẹ́ta ṣeré lójú òfurufú fún ọ̀sẹ̀ 6, apá funfun náà sì yí padà. Ọ̀rá tí Flechsig rí, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Gesell fi ṣe ẹlẹ́rìí ìdàgbà, lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ìdánrawò pẹ̀lú.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè ra ìyára ní ọjà. Mackey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́ńíà fún àwọn ọmọ ọdún 7 sí 9 láti ilé tí kò rí jájẹ ní eré tí ó gba ìyára ojú àti ọwọ́, wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìyára wọn pọ̀ sí i lórí ìwọ̀n tí a kò fi kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àròjinlẹ̀ wọn kò bá a gòkè, àwọn ọmọ náà kò sì pọ̀. Ìròyìn yẹn jáde ní 2011. Nígbà tí Simons àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ gbogbo eré tí wọ́n ń tà fún ìdánrawò ọpọlọ wò ní 2016, ohun tí wọ́n rí ni pé ènìyàn a máa yára lórí ohun tí ó fi dánra wò, ẹ̀rí tí ó sì fi hàn pé ó ràn dé ìgbésí ayé kò tó nǹkan.

Ohun tí ó ṣì wà nílẹ̀

Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n, ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ìdánrawò a máa mú ọmọ yára gidigidi lórí ohun tí ó fi dánra wò, nígbà mìíràn ju àgbà tí kò mọ̀ ọ́n lọ, àti pé ọjọ́ orí a máa mú un yára díẹ̀díẹ̀ níbi gbogbo. Bóyá "ibi gbogbo" yìí jẹ́ ohun kan nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kail ti wí, tàbí àpapọ̀ ìdánrawò àìmọye gẹ́gẹ́ bí Stigler ti wí, kò tíì sí àyẹ̀wò tí ó yanjú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè gba ọmọ kan kúrò nínú ayé fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà kan tí ó sún mọ́ ọn ni èyí tí Cahan àti Cohen tọ̀ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ní 1989, nípa fífi àwọn ọmọ tí ọjọ́ ìbí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra wé ara wọn, àwọn kan tí ọjọ́ ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ gbà wọlé, àwọn kan tí ó tì sẹ́yìn fún ọdún kan. Wọ́n rí i pé ọdún kan nínú kíláàsì ń fi kún èsì ìdánwò ju ọdún kan nínú ọjọ́ orí lọ nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò wọn. Ṣùgbọ́n iye ìbéèrè tí ọmọ gbà ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn ìṣẹ́jú àáyá.

Ìyókù ni ti àwọn ọmọ tí a wọ̀n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà tí a ti ń sọ láti òkè ni a fà láti ara ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, níwájú bọ́tìnì àti àwòrán. Ní ìlú Recife ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí ọmọ ń kiri ọjà bí ti ìgboro tiwa, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann ro ìṣirò pẹ̀lú àwọn ọmọ márùn-ún, ọmọ ọdún 9 sí 15, nídìí ọjà tí wọ́n ń tà, wọ́n sì tún fún wọn ní irú ìṣirò kan náà lórí ìwé. Ìròyìn náà jáde ní 1985: nídìí ọjà, ìdá 98 nínú 100 ni wọ́n gbà, lórí ìwé, nǹkan bí ìdá 37. Kò sí ẹni tí ó di aago mú níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá lọ dì í mú, tí àkókò ọmọ kan bá sì jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ibi méjèèjì, èwo ni Kail yóò gbé sórí ìlà rẹ̀?